Òwú Búlúù Ìyá Báláú

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ léèrè lónìí pé kí ló fà á tí ilẹ̀ yìí fi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ òyìnbó, wọn yóò kà á sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan: ìpàdé kan wà, lẹ́tà kan wà, àwọn ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ jókòó yí tábìlì ká ní òkèèrè, wọ́n sì gba òmìnira bọ̀ wálé. Irọ́ kọ́. Ìpàdé wà, táì náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ òyìnbó sú wa pátápátá, tó di pé a kò lè wo ojú wọn mọ́ kí èébì má gbé wa, kí ó fi àwọn onítáì sílẹ̀. Kí ó lọ bá àwọn alágbàfọ̀ ọsibítù, kí ó ní òun ń wá Ìyá Báláú.

Ìyá Báláú ni olórí àwọn obìnrin mẹ́jọ tó ń fọṣọ ní ọsibítù ìjọba. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé, nítorí pé aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, báláú ni yóò funfun, tí kò ní ṣeé tẹjú mọ́ nínú oòrùn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ọṣẹ sì ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ìlà kankan kò sí ní orí ìka rẹ̀ mọ́. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá jalè, ọlọ́pàá kankan kò ní rí ipa ọwọ́ òun.

Ẹ̀yìn ọsibítù ni ilé ìfọṣọ wà. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó ti sán. Ọpọ́n ìfọṣọ mẹ́rin tí wọ́n fi bíríkì mọ wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ omi kan tó máa ń wúkọ́ kí ó tó pọ omi. Ní àárín gbùngbùn ni ìkòkò irin ńlá kan wà tí obìnrin méjì gbọ́dọ̀ jùmọ̀ fi ọ̀pá rò kí aṣọ inú rẹ̀ tó yí. Okùn ìsáṣọ nìkan ni kò sí lẹ́yìn ilé bíi ti gbogbo ayé. Iwájú ló wà, lẹ́bàá títì ńlá, nítorí pé òyìnbó tó kọ́ ọsibítù náà ní kí ará ìlú máa rí aṣọ funfun bí wọ́n bá ń kọjá, kí wọ́n lè mọ irú ìmọ́tótó tí ìjọba gbé wá bá wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn yóò rò pé inú ẹrẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn kí wọ́n tó dé.

Àwọn alágbàfọ̀ náà ní ìṣe kan tí òyìnbó kankan kò kọ́ wọn. Olúkúlùkù ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀. Bí obìnrin kan bá ti fọ báńdéèjì, tó sè é nínú ìkòkò irin, tó sá a, tó lọ̀ ọ́, yóò mú abẹ́rẹ́, yóò fi òwú tirẹ̀ rán ojú kan péré sí igun rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn dúró bí ìbúra. Ó ń sọ pé mo ti rí èyí dé òpin, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, èmi ni n ó dáhùn. Pupa wà, yẹ́lò wà, àwọ̀ ewéko wà. Búlúù ni ti Ìyá Báláú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ránṣọ ló sì máa ń fún un láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá kì í rí òwú náà lọ́wọ́ ara rẹ̀ kó má rántí ọmọ.

Nítorí ìṣe yìí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ka báńdéèjì bí ìwé, ohun tó sì wà nínú ìwé náà kò dára. Wọ́ọ̀dù méjì ló wà ní ọsibítù. Wọ́ọ̀dù òkè jẹ́ ti òyìnbó, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀. Láti inú ọkọ̀ ojú omi ni báńdéèjì tuntun ti ń wá, tí wọ́n wé e sínú bébà, òkè ló sì ń lọ tààrà. Bí wọ́n bá ti fi di eéwo òyìnbó lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò bọ́ ọ sọ sínú garawa, yóò dé ilé ìfọṣọ, ó di ti ìsàlẹ̀ títí ayé nìyẹn. Èyí tó ní ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà wà. Èyí tó ní mẹ́tàlá wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọsibítù yẹn, kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí kan tí wọ́n tú báńdéèjì tuntun fún. Ẹ̀gbin òyìnbó ni a fi ń di ojú ọgbẹ́ wa, wọ́n sì ń retí pé kí a dúpẹ́.

Ìyá Báláú mọ̀. Ó ti mọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé ohun tí omi gbígbóná bá ti sè fún wákàtí kan, kò sí ẹ̀gbin tó kù lára rẹ̀, ì báà jẹ́ gómìnà ló kọ́kọ́ lò ó. Bí ó ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé mínísítà kan ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó láti wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kun òkúta etí títì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kun ewúrẹ́. Ní ọjọ́ Ajé kan, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà dé ilé ìfọṣọ pẹ̀lú ọmọlanke, wọ́n ní àwọn wá gbé ìkòkò irin. Akọ̀wé ọsibítù ló kó wọn wá. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni akọ̀wé náà, ó wọ bàtà tó ń dán, gbogbo ayé sì ń pè é ní Yẹ́sà, nítorí pé "yẹ́sà", bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá, nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú òyìnbó. Ó ṣàlàyé pé mínísítà, ìyàwó rẹ̀ àti èèyàn mọ́kànlá ni yóò sùn ní ilé gómìnà, pé omi gbígbóná ni wọ́n ń wẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n fi ń gbé omi kaná níbẹ̀ kò sì tó. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń se ènìyàn láìdáná, omi gbígbóná ni wọ́n fẹ́ fi wẹ̀.

Ìyá Báláú dúró síwájú ìkòkò náà, ó ní kí ni àwọn yóò máa fi se báńdéèjì. Yẹ́sà ní ọ̀gá dókítà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ọsibítù, ti rò ó: omi tútù àti ọṣẹ ti tó, oòrùn ilẹ̀ yìí sì le, yóò pa èyí tó bá kù. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé ìkòkò kékeré wá láti ilé. Ó ní rárá, kò gbọdọ̀ sí èéfín, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri ni. Àwọn àgbà ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun ò ti wẹ̀. Òyìnbó wa rí mínísítà tìrọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ìkòkò lọ, ojú àárò rẹ̀ sì kù sílẹ̀ dúdú.

Wọ́n fi omi tútù fọ̀ ọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí wọ́n ti máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ọṣẹ gbo ó títí ọwọ́ fi ń bó, wọ́n sì sá a. Nígbà tó gbẹ, ó funfun. Èyí tó kéré jù nínú àwọn obìnrin náà wá béèrè pé ṣé kí àwọn rán ojú abẹ́rẹ́ sí i, nígbà tí àwọn kò sè é. Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Báláú. Ó gbé báńdéèjì kan sókè síhà oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn, kò rí àbàwọ́n kankan. Ó rò ó pé bí àwọn kò bá rán an, àwọn nọ́ọ̀sì kò ní gbà á, àwọn aláìsàn kò sì ní rí nǹkan kan fi di egbò. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ yangàn.

"Ẹ máa rán an," ó ní. "Ojú mi kò tíì tàn mí jẹ rí."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ rẹ̀ aránṣọ rọbí. Oyún àkọ́kọ́ ni. Ọmọ dábùú nínú, wọ́n sì ní láti la ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Obìnrin ni ọmọ náà, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ káfíńtà, rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Báláú jókòó ti ibùsùn, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, ohun tí wọ́n fi dì í níkùn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò lè gbàgbé títí dòní.

Ní ọjọ́ kẹrin, ara aránṣọ gbóná. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, obìnrin ìlú yìí tí kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, wá tú ojú ọgbẹ́ náà. Kí ó tó tú u tán ni òórùn ti kọ́kọ́ jáde. Irú òórùn tí í dúró sí ọ̀fun ni, tí omi mímu kì í gbé e wọlé. Ọyún ti mu báńdéèjì náà títí ó fi lẹ̀ mọ́ ara. Ìyá Báláú bẹ̀rẹ̀ láti ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan igun kan. Òwú búlúù. Ó ka ojú abẹ́rẹ́ ibẹ̀, ó jẹ́ méje. Ó mọ èyí tó kẹ́yìn dájú, nítorí pé òwú rẹ̀ ṣì ń dán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rán an, láìsè é.

Aránṣọ náà gbé orí sókè díẹ̀, ó rí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá," ó ní, "òwú mi rèé."

Inú rẹ̀ dùn pé òwú ṣọ́ọ̀bù òun wúlò.

Nọ́ọ̀sì fa Ìyá Báláú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọmọ rẹ̀ nìkan, àwọn márùn-ún mìíràn wà ní wọ́ọ̀dù tí ojú ọgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí òun bá rí báńdéèjì tuntun, tí òun ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ pẹ̀lú oògùn, ọmọ náà lè yè é. Báńdéèjì tuntun wà ní sítọ́ọ̀ òkè, àpótí àpótí. Ẹni tí kò sí ni ẹni tí yóò ṣí i.

Ìyá Báláú kò tilẹ̀ nu ọwọ́. Ó lọ bá Yẹ́sà, Yẹ́sà ní àfi kí ọ̀gá dókítà fọwọ́ sí i, ọ̀gá dókítà sì wà ní ilé fàájì àwọn òyìnbó, wọ́n ń dán bí wọn yóò ṣe kí mínísítà wò. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láti agogo mẹ́wàá. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni dókítà dé. Ká ní ó jẹ́ oníkanra ni, ì bá sàn. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó kí i, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ẹnu Yẹ́sà dé ìparí, ó sì mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó wá ní ẹrù inú sítọ́ọ̀ jẹ́ ti wọ́ọ̀dù òkè, pàápàá ní àkókò tí àlejò ńlá ń bọ̀. Ó tilẹ̀ ní kí Yẹ́sà ṣí ìlẹ̀kùn, kí òun náà yẹ àwọn àpótí wò kí mínísítà tó dé.

Wọ́n ṣí i. Eku ló kọ́kọ́ sá jáde. Wọ́n ti jẹ àpótí lu láti ìsàlẹ̀, wọ́n ti ya báńdéèjì tuntun sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti fi tẹ́ ìtẹ́. Àwọn ọmọ eku tí ojú wọn kò tíì là, tí wọ́n pupa tí wọn kò ní irun, ń ràkò lórí aṣọ tó funfun ju gbogbo èyí tí ọmọ ilẹ̀ yìí kan ti fi di ọgbẹ́ rí lọ. Ìtọ̀ eku ti sọ òmíràn di yẹ́lò. Dókítà di imú, ó fà sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde kí wọ́n sun ún, ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ yóò gbé òmíràn wá.

Àpótí méjì wà lókè pátápátá tí eku kò tíì dé. Ìyá Báláú nàka sí i, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Agbalagbà obìnrin kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí òun lè bí, nítorí aṣọ tí wọ́n fẹ́ sun. Dókítà sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́. Yẹ́sà túmọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì wo ilẹ̀.

"Ó ní bí a bá fún yín ní ẹyọ kan, gbogbo yín ni yóò máa béèrè."

Wọ́n kó o jáde, wọ́n sun ún lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, àpótí méjì náà pẹ̀lú. Èéfín tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ rú nítorí ògiri, ó rú lọ́jọ́ yẹn títí ó fi bo wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, àwọn aláìsàn sì wúkọ́ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí ìwà ìkà rí. Ẹni tí ebi ń pa lè hu ìwà ìkà, ẹni tí inú ń bí náà lè hù ú. Ṣùgbọ́n kí eku bímọ sínú nǹkan, kí ó sàn lójú ẹni ju kí ènìyàn rí i lò, tí ẹni náà á tún máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sí orúkọ tí mo lè fún un. Ìríra ni.

Ìyá Báláú lọ sílé, ó ya ìró rẹ̀ tó dára jù, ó sè é, ó sè é, ó gbé e sáré wá sí ọsibítù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń kun ẹnu ọ̀nà ọsibítù, aránṣọ náà mí, kò sì tún mí mọ́. Ọmọ ọjọ́ méje wà ní apá káfíńtà. Kí òbí sin ọmọ, a kì í gbàdúrà rẹ̀.

Wọ́n sin ín lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Yẹ́sà dé ilé ọ̀fọ̀. Ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ó jókòó, ó wo bàtà rẹ̀. Ó wá ní ọ̀la ni mínísítà yóò kọjá níwájú ọsibítù ní agogo mẹ́sàn-án, àti pé gómìnà fẹ́ kí gbogbo okùn ìsáṣọ kún fún aṣọ funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbà láti ri àwọn igi tuntun mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí okùn lè gùn sí i. Yẹ́sà ní òun mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀gá dókítà ní Màmá nìkan ni òun fọkàn tán.

Káfíńtà dìde dúró. Ìyá Báláú fi ọwọ́ kan mú un jókòó.

"Sọ fún un pé yóò kún," ó ní.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, àwọn obìnrin mẹ́jọ náà ti wà nílé ìfọṣọ. Garawa tí báńdéèjì ọjọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tò sí ara ògiri, torí pé olórí wọn dúró ti ọmọ rẹ̀ títí tó fi sin ín, àwọn yòókù sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Èémí ibẹ̀ kò ṣeé fà sínú. Ìyá Báláú dúró láàárín wọn, níbi tí àárò ìkòkò irin wà tẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó ní ẹ̀bi wà lọ́wọ́ òyìnbó, ẹ̀bi sì wà lọ́wọ́ òun.

"Òwú mi ló wà lára èyí tó pa ọmọ mi. Mo ní ó mọ́, kò mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń jẹ́rìí èké fún wọn. Mo fi ọwọ́ ara mi bo ẹ̀gbin wọn títí tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i. Lónìí, n kò fọ nǹkan kan."

Ó ti ọwọ́ bọ garawa, ó fa èyí tó kọ́kọ́ kàn án lọ́wọ́ jáde, ó sì gba ọ̀nà iwájú lọ. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé garawa, wọ́n tẹ̀lé e.

Agogo mẹ́sàn-án kù díẹ̀, okùn kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí gómìnà ṣe fẹ́. Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ni kì í ṣe funfun. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú wà níbẹ̀, ọyún tó ti gbẹ wà níbẹ̀, eṣinṣin sì bò ó. Èyí tí wọ́n tú lára aránṣọ ni ìyá rẹ̀ so sí àárín gbùngbùn, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ará ìlú tí wọ́n fún ní àsíá kékeré láti máa fì sí mínísítà ti tò sí etí títì. Wọ́n kọ́kọ́ ń di imú, wọ́n ń sún sẹ́yìn. Nígbà tó yá ni ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú sí wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ní ọdún tó kọjá sún mọ́ ọn, ó béèrè kí ni òwú wọ̀nyí. Àwọn alágbàfọ̀ sọ fún un. Wọ́n sọ ibi tí báńdéèjì ti ń ṣẹ̀ wá, ẹni tó ń kọ́kọ́ lò ó, iye ara tó ń dé lẹ́yìn náà, bí ìkòkò ṣe lọ, bí eku ṣe bímọ. Wọn kò pariwo.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú abẹ́rẹ́: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ẹnì kan gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbi okùn kejì, òmíràn níbi ẹ̀kẹta. Nígbà tí ọkọ̀ mínísítà fi máa yọ ní orígun títì, gbogbo èrò ti kẹ̀yìn sí títì, wọ́n ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti fi ìdọ̀tí òyìnbó dì wọ́n lára. Àsíá kékeré kún ilẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé. Mínísítà rí i, òórùn náà sì kàn án. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó fi bo imú. Ó yíjú sí gómìnà, ó béèrè nǹkan kan, gómìnà sì rẹ́rìn-ín. Yẹ́sà dúró nítòsí, ó gbọ́ ọ, òun ló sì padà sọ ọ́ fún ìlú nígbà tí ó ti rí i pé afẹ́fẹ́ ti yí. Ohun tí mínísítà béèrè ni pé, kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí kì í fọ nǹkan wọn.

Ẹ gbọ́ o. Kí ló dé tí a kì í fọ nǹkan wa.

Wọ́n pàṣẹ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n já gbogbo rẹ̀ bọ́. Sájẹ́ǹtì wọn, ọmọ ilẹ̀ yìí, dé ibi tí ti aránṣọ wà, ó na ọwọ́ sí i. Ó dúró. Ó ka ojú abẹ́rẹ́ búlúù náà lẹ́nu ara rẹ̀ dé orí méje. Ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó fọwọ́ kàn án.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fọṣọ fún òyìnbó mọ́ ní ìlú yìí. Ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé lé e lórí. Alágbàfọ̀ ilé gómìnà gbé ọṣẹ sílẹ̀, ó lọ sílé. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn ní òun kò lè dúró ti òórùn wọn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wọn so ìgbálẹ̀ kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ́là ẹ̀wù dókítà ti di dúdú, ìyàwó gómìnà sì ń fi lọ́fínńdà bo ohun tí lọ́fínńdà kò lè bò. Wọ́n kó ṣọ́jà wá, ṣọ́jà náà ní ẹ̀gbọ́n tó ti dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìgbà yẹn ni àwọn onítáì wá rí ọ̀nà, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó parí.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ta àsíá tuntun ni Yẹ́sà tún dé ilé ìfọṣọ. Bàtà rẹ̀ ti dán sí i, ó ti di akọ̀wé àgbà nínú ìjọba wa. Ó gbé àsíá náà wá nínú bébà, tuntun, àárín rẹ̀ funfun báláú. Ó ní kí Màmá bá wọn lọ̀ ọ́, kí ó sì fi òwú búlúù rán ojú kan sí igun rẹ̀, torí pé gbogbo ìlú ló mọ ìtàn náà, inú wọn yóò dùn.

Ìyá Báláú tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin rọ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Yẹ́sà bóyá báńdéèjì tuntun ti ń dé wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Yẹ́sà ní díẹ̀díẹ̀ ni, pé ẹrù ti dé, ó wà ní sítọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n àwọn mínísítà tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo wọ́ọ̀dù òkè, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí ibẹ̀ nílò. Ó ní kó ṣe sùúrù. Ìyá lọ àsíá náà tán, ó ṣẹ́ ẹ po, ó nà án sí i.

"Ẹ ò tíì rán an, Màmá."

"Mo mọ̀," ó ní. "Lọ ṣí sítọ́ọ̀ ná."

Wọ́n ta àsíá náà lọ́jọ́ kejì, ó funfun báláú nínú oòrùn, gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Ìyá Báláú náà pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú búlúù wà ní etí ìró rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí dòní.